Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù aládàáni ní Àkúrẹ́: ṣé ìwé tí wọ́n fẹ́ fún un á jẹ́ ìwé?

Ìyá Elépo Ọjà Ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Sọ́ńdè.

Epo pupa ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí. Ọmọ mi kejì, obìnrin, ọmọ ọdún 19, parí ilé-ìwé girama lọ́dún méjì sẹ́yìn. Láti kékeré ló ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe. Nígbà tí èsì WAEC jáde, ó ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Biology, ṣùgbọ́n Physics àti Chemistry kò bọ́ sí i. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa lọ́jà wá sọ fún mi pé ọsibítù kan wà nígboro tí wọ́n ti ń kọ́ wọn fún oṣù 18, pé bó bá parí wọ́n á fún un níwèé, á sì di nọ́ọ̀sì. Mo san ₦120,000. Mo ra yunifọ́ọ̀mù funfun méjì, bàtà funfun, pẹ̀lú aago kékeré tí wọ́n ń fi há àyà. Ó ti lo oṣù 11 níbẹ̀ báyìí. Alaalẹ́ ló ń fọ aṣọ funfun yẹn, á fi búlúù ṣan án, á sá a sẹ́yìnkùlé, kì í jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àǹtí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ìjọba ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bi í pé, "Ilé-ìwé wo lo wà? Kí ni nọ́ńbà index rẹ?" Ọmọ náà kàn ń wò ó ni. Àǹtí wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, wọn kì í di nọ́ọ̀sì báyẹn. Ìwé tí wọ́n máa fún un kò lè gba láísẹ́ǹsì." Mo lọ wo ìwé ọmọ tó parí ṣáájú rẹ̀. Orúkọ ọsibítù ló wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ ọsibítù, àti ìbuwọ́lù dókítà tó ni ibẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn.

Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ni kí n ṣe sí oṣù 11 tó ti lọ yìí? Ọmọ náà ò tíì mọ̀ pé mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Òótọ́ ni àǹtí yẹn sọ. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oṣù 11 sàn ju kẹ́ ẹ tó mọ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Abẹ́ òfin ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní Nàìjíríà. Nursing and Midwifery Council of Nigeria ni àjọ tó ń mójú tó o, Àbújá ni olú-iṣẹ́ wọn, òfin 1979 ló sì gbé wọn dúró. Àwa kàn ń pè é ní Council. Kò sí ọsibítù tó lè fúnra rẹ̀ sọ èèyàn di nọ́ọ̀sì, bó ti wù kó tóbi tó. Ọsibítù ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gan-an kò lè ṣe é.

Council ló kọ́kọ́ ń wá yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò. Wọ́n á ka àwọn olùkọ́, wọ́n á wo ibi ìkàwé, wọ́n á wo yàrá tí àwọn ọmọ ti ń fi bèbí ńlá kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan èèyàn. Wọ́n á tún béèrè ọsibítù tí wọ́n ti máa kọ́ṣẹ́ àti iye bẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀. Àwọn náà ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà lè gbà. Bí ọmọ bá ti wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, Council á sì fún un ní nọ́ńbà. Òun là ń pè ní indexing, nọ́ńbà yẹn ni àǹtí bi ọmọ yín. Ẹni tí kò bá ní in kò lè jókòó sí ìdánwò Council, ẹni tí kò bá sì yege ìdánwò Council, kò ní RN, ìyẹn oyè nọ́ọ̀sì tí Council forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò ní láísẹ́ǹsì.

Láísẹ́ǹsì náà kì í ṣe ohun téèyàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan tó sì parí. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta la ń tún un gbà, a sì gbọ́dọ̀ ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní MCPDP kí wọ́n tó fún wa ní tuntun. Bí mo bá jókòó sílé, tí mi ò tún un gbà, èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dún 14 yìí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gún aláìsàn kankan lábẹ́rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ náà ṣe níbẹ̀?

Ìyá Elépo Ọjà Ọba

Ó ní òun ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó ti gbẹ̀bí ẹ̀ẹ̀mejì lóru tí mátírọ́ọ̀nù kò sí níbẹ̀. Inú mi dùn nígbà tó sọ ọ́ fún mi, àní mo fi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Oníṣègùn Ìjàpọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, kí ẹ má sì bínú. Dókítà ni mí, mo ní ọsibítù kékeré, bẹ́ẹ̀dì 10. Láàárín ọdún mẹ́ta, nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó ní láísẹ́ǹsì ni mo gbà síṣẹ́. Ọ̀kan rí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, méjì wà ní Ìlú Ọba báyìí, ẹ̀kẹrin kò lò ju oṣù mẹ́rin lọ tó fi ní owó oṣù náà kò gbé bùkátà òun. Mi ò bá a jà, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í dúró dìgbà tí mo bá rí nọ́ọ̀sì. Lóru tí obìnrin bá ń rọbí tí ìbùsùn márùn-ún sì kún, ta ni kó bá mi di àtùpà mú?

Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́: kí wọ́n wọn ìgbóná ara, kí wọ́n ka ìlùkìkì ọkàn, kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fọ irinṣẹ́. Mi ò gba owó lọ́wọ́ wọn, mi ò sì sọ fún wọn rí pé nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Gbogbo wa kọ́ la wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà.

Agbẹ̀bí Ìfẹ̀yìntì, Oǹdó

Dókítà, mo gbọ́ yín. Ìyá Elépo náà, mo gbọ́ yín. Ọdún 33 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, bẹ̀rẹ̀ láti abúlé oníkòkó títí dé ọsibítù ńlá. Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi hàn yín kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà.

Lọ́dún kan báyìí, obìnrin kan pọn ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta wá bá wa. Ó ní ibà ló ṣe ọmọ náà lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, pé nọ́ọ̀sì àdúgbò gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí, ibà sì lọ. Mo ní, kí ló wá dé? Ó ní ẹ wo bó ṣe ń rìn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ òsì, ó fa ti ọ̀tún. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè gbéra, orí ìka rẹ̀ ló ń fà lórí símẹ́ńtì. Ṣààrà, ṣààrà, bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbẹ gbá ilẹ̀. Awọ orí àtàǹpàkò rẹ̀ ti bó. Ó ń rìn lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun.

Iṣan ńlá kan wà tó gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Sciatic ni wọ́n ń pè é níléèwé. Abẹ́rẹ́ ló bà á. Ní ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kọ́ wa: bó bá jẹ́ ìdí, fi ojú inú pín in sí mẹ́rin, apá òkè lọ́wọ́ òde nìkan ni o lè gún. Bó bá jẹ́ ọmọ kékeré, fi ìdí sílẹ̀ pátápátá, itan ni kí o lọ, níwájú sí ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń wò lójú ọ̀gá kó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń wò yóò rí ọwọ́ tó ń gún, kò ní rí iṣan tó wà nísàlẹ̀ awọ.

Mo wá ẹni tó gún un lọ, torí inú bí mi. Ilé ni, wọ́n kọ "klíníìkì" sára ògiri. Wọ́n ti tì í. Kò ju oṣù méjì lọ tí mo gbọ́ pé obìnrin náà ti ṣí òmíràn ní àdúgbò mìíràn. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é, Council á pè mí. Òfin fi ìgbìmọ̀ olùwádìí síbẹ̀, ó fi ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ nọ́ọ̀sì síbẹ̀, wọ́n sì lè yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé, kí n má gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ mọ́ láéláé. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ yọ orúkọ ẹni tí kò sí nínú ìwé kankan?

Ohun tí ìwé náà wà fún nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i pé ó yẹ bẹ́ẹ̀: láti 1930 ni òfin àwọn agbẹ̀bí ti wà, ti nọ́ọ̀sì dé ní 1947, 1979 ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ Council kan ṣoṣo.

Ìyá Elépo, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó má ṣe gbẹ̀bí mọ́ lóru. Lónìí ni kẹ́ ẹ sọ fún un.

Ìyá Ìbejì Ọ̀dà Road

Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Auxiliary ni mí, irú ẹni tí ọsibítù fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kò ní láísẹ́ǹsì. Ọdún kẹsàn-án rèé. Nígbà tí bàbá mi kú, kò sí ẹni tó lè rán mi níléèwé, ọsibítù kan gbà mí, mo sì ro pé Ọlọ́run ló ṣí ọ̀nà. Mi ò pa ẹnikẹ́ni rí. Mo mọ bí mo ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà tí ọmọ rẹ̀ kò wá wò ó. Èmi ni mo máa ń pa ojú òkú dé. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ǹsì tó ń bọ̀ tó ń lọ, èmi ni mò ń fi ibi tí nǹkan wà hàn wọ́n.

Owó tí mò ń gbà lóṣù kò tó ra àpò ìrẹsì. Bí mo bá lọ, kò sí ibòmíràn tó máa gba ìwé mi. Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi fi kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè wá ní ayédèrú, ẹ ò bi wá léèrè ẹni tó tẹ ìwé náà fún wa.

Nọ́ọ̀sì Òru

Àǹtí Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Wọ́n fi yunifọ́ọ̀mù tàn yín, wọ́n sì fi ọdún mẹ́sàn-án yín ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tán. Ẹ̀tọ́ yín ni wọ́n jẹ. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ nípa owó oṣù yẹn ni gbòǹgbò rẹ̀: wọ́n ń kọ́ auxiliary torí pé òun kò lè kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà, torí àwọn èèyàn rò pé bí láísẹ́ǹsì bá ti dọ́wọ́, ìyà ti tán. Lóru àná, àwa méjì la wà fún aláìsàn 28 ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, dírípù mẹ́ta tán lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá kan tó ní àtọ̀gbẹ ń làágùn, ara rẹ̀ tutù, ṣúgà rẹ̀ ti já wálẹ̀. Ẹnì kejì mi wà ní ẹ̀yìn kọ́tìnì pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo fi dírípù sílẹ̀, mo sáré bá bàbá. Ọmọ ẹni tí dírípù rẹ̀ tán sì ń pariwo lé mi lórí pé mi ò láàánú. Èmi náà mọ ohun tó yẹ kí n ṣe fún bàbá rẹ̀. Èèyàn ni kò tó.

Nítorí irú èyí ni ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, NANNM, ṣe da iṣẹ́ sílẹ̀ ní July 30, 2025. Ọjọ́ méje ni wọ́n dá, ṣùgbọ́n nígbà tó di August 2 wọ́n ti dá a dúró lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú Mínísítà Ìlera, Muhammad Ali Pate. Ohun tí wọ́n béèrè kò ṣòro gbọ́: kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ sí i, kí wọ́n tẹ ìlànà ìgbéga wa ti 2016 jáde nínú ìwé ìjọba, kí wọ́n wo owó iṣẹ́ òru àti owó aṣọ, kí nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka tirẹ̀ nínú iléeṣẹ́ ìlera. Orí àtẹ owó oṣù CONHESS la wà pẹ̀lú gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera yòókù, àwọn dókítà ní CONMESS tiwọn. A ní ká ní tiwa. Mo wà lára àwọn tó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ewé lọ́wọ́.

Council ń mú wa dáadáa lórí ìwé, ó sì yẹ kó mú wa. Ẹni tó yẹ kó gbé wa ró ni kò dìde.

Ọmọ Ìdànrè ní Leeds

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí, mo ṣe nọ́ọ̀sì ọdún márùn-ún ní Àkúrẹ́ kí n tó wá sí Ìlú Ọba. Ìyá Elépo, bí ọmọ yín bá ń rò pé òun á fi ìwé ọsibítù náà jáde lọ́jọ́ kan, ẹ bá mi sọ fún un pé kò sí ibi tó lè gbé e dé. Kí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì níbí tó dá mi lóhùn, Council Nàìjíríà ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn pé orúkọ mi wà lọ́dọ̀ àwọn, kò sì sí ẹ̀sùn lọ́rùn mi. Verification la ń pè é. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn rẹ̀ ni OSCE, ìdánwò ọwọ́ ní ibùdó mẹ́wàá. Níbi kan wọ́n ń wò bí mo ṣe ń fún èèyàn lóògùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohun tí mátírọ́ọ̀nù kan ní Àkúrẹ́ máa ń pariwo lé wa lórí ló jáde lẹ́nu mi: bi aláìsàn lórúkọ, ka ọwọ́ rẹ̀, ka káàdì, kí o tó bu oògùn.

Lórí verification yìí náà, mo ní ẹ̀dùn. Ní February 2024, Council gbé ìlànà tuntun jáde, pé láti March 1, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí òun lókè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì tó dúró, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé ó hùwà dáadáa. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde síta ní Àbújá àti Èkó lóṣù yẹn. Ẹ wo ọ̀gá tí kò fẹ́ kí o lọ, òun ni wọ́n ní kó kọ̀wé pé kí o lọ.

Oníṣègùn Ìjàpọ̀

Ọmọ Ìdànrè, mi ò gbà. Owó ìlú ló kọ́ yín. Ọdún méjì pọ̀ jù? Ẹ jẹ́ kí àwa náà rí ọwọ́ yín lò kẹ́ ẹ tó lọ.

Ọmọ Ìdànrè ní Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ọdún márùn-ún ni mo lò. Kì í ṣe ọdún méjì ló dùn mí. Láísẹ́ǹsì wà láti fi dá aláìsàn lójú pé ẹni tó ń tọ́jú òun mọṣẹ́. Bí wọ́n bá wá sọ ọ́ di ìdè tí wọ́n fi so èèyàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀wọ̀ tó wà lára rẹ̀ á lọ. Ẹ fún èèyàn ní ohun tó máa mú un dúró. Ìlú Ọba gan-an ti fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn agbanisíṣẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ wá kó òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀, torí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní àwọn òṣìṣẹ́ náà kò tó yín. Síbẹ̀ ẹni tó bá fúnra rẹ̀ béèrè iṣẹ́, wọ́n lè gbà á. Èmi ni mo fúnra mi béèrè. Ẹ bi mí léèrè ìdí tí mo fi béèrè.

Agbẹ̀bí Ìfẹ̀yìntì, Oǹdó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì, ọmọ Ìyá Elépo la ń bọ̀ wá gbà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dókítà, kí n tó gbàgbé. Ẹ ní ẹ ò rí nọ́ọ̀sì. Láísẹ́ǹsì mi ṣì wà láàyè, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un gbà ni. Àwa mẹ́fà tí a jọ fẹ̀yìn tì ní ìlú yìí la ṣì lágbára, kò sí ẹnì kan tó wá béèrè wa. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú aláìsàn láti ọdún 60 sí 65, torí wọ́n mọ̀ pé agbára ṣì wà lára wa. Àgbà obìnrin tó bá lè wá lóru méjì lọ́sẹ̀, tó jókòó, tó ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin yẹn, tí wọn kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀: ṣé ẹ ò lè san èyí?

Oníṣègùn Ìjàpọ̀

Mà, mi ò ronú kàn án rí. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀.

Ọmọ Lájé

Ẹ kú ọ̀sán o. UNIMED, fásitì ìmọ̀ ìṣègùn, ni mo wà níbí ní Oǹdó, ọdún kẹrin, ẹ̀ka nọ́ọ̀sì. Màmá, ọ̀nà tó wà fún àbúrò mi nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, ìjókòó ìdánwò kò gbọ́dọ̀ ju méjì: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Biology, Chemistry, Physics. Ó ti ní mẹ́ta. Méjì ló kù. Kó forúkọ sílẹ̀ fún GCE WAEC tàbí NECO, kó fi parí rẹ̀. Tirẹ̀ kò burú rárá. Èmi gan-an ṣe Physics ẹ̀ẹ̀mejì.

Bó bá ti pé márùn-ún, ó lè ṣe JAMB wá sí fásitì. Ọdún márùn-ún ni, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ṣe intern fún ọdún kan. Bí ọdún márùn-ún bá pọ̀ jù, kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì wà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àtijọ́ ti ń di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí Council fọwọ́ sí, ó wà lórí ìkànnì wọn. Kẹ́ ẹ sì béèrè pé ṣé ó ṣì wà lábẹ́ àṣẹ lọ́dún yìí, torí wọ́n máa ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Iléèwé ìmọ̀ ìlera ti ìjọba wà ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, College of Health Technology. Wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò níbẹ̀, CHEW là ń pè wọ́n, JCHEW sì ni ìpele kékeré rẹ̀. Ọdún méjì ni JCHEW, ọdún mẹ́ta ni CHEW. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, wọn ò sì gbọ́dọ̀ pe ara wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àjọ tiwọn tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n ní láísẹ́ǹsì tiwọn, ìwé ìlànà sì wà tó sọ ohun tí wọ́n lè ṣe àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé aláìsàn lọ síwájú. Àǹtí Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ẹ ò tíì dàgbà jù.

Agbẹ̀bí Ìfẹ̀yìntì, Oǹdó

Ọmọ yìí sọ ohun tó dára. Nígbà tí Abíyè, ètò ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó fún ìtọ́jú àwọn aláboyún, bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifedore, irú àwọn CHEW yìí ni wọ́n fún ní ọ̀kadà tí wọ́n ń wọ abúlé kiri, tí wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pè wọ́n. Mo mọ àwọn kan nínú wọn. Aboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lóru, wọ́n mọ̀ pé àwọn ò gbọ́dọ̀ dá a mú, wọ́n á gbé e wá. Ẹni tó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí kò kéré sí nọ́ọ̀sì lójú mi.

Ìyá Ìbejì Ọ̀dà Road

Ọmọ Lájé, mo ní kírẹ́díìtì mẹ́rin láti 2012. Ṣé ó ṣì wúlò?

Ọmọ Lájé

Èsì WAEC kì í kú, àǹtí. Ẹ wá a jáde. Ẹ mú un lọ sí Iléèwé ìmọ̀ ìlera yẹn fúnra yín, kẹ́ ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́dún yìí. Ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni tó ní òun á bá yín ṣe é lọ́wọ́.

Ìyá Elépo Ọjà Ọba (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ̀yin ará ilé, mo padà wá. Mo ti sọ fún un. Kò sunkún bí mo ṣe rò. Ó dákẹ́ lọ títí, ó wá ní, "Mọ́mì, àwọn ọmọ méjì tí mo gbẹ̀bí wọn ńkọ́?" Mo ní wọ́n wà dáadáa, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì ló lọ fúnra rẹ̀ lọ wo ìyá méjèèjì. Wọ́n wà dáadáa lóòótọ́.

Èmi pẹ̀lú àbúrò ọkọ mi lọ bá ọsibítù náà fún owó wa. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí owó tó ń padà. Àbúrò ọkọ mi wá bi wọ́n pé kí wọ́n fi ìwé tí Council fi fún wọn láṣẹ láti máa kọ́ nọ́ọ̀sì hàn wá. Wọ́n ní ká jókòó. A jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. ₦50,000 ni wọ́n fún wa, wọ́n ní ká má pariwo. Mo gbà á, ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ elépo láti iwájú dé ẹ̀yìn, torí àwa mẹ́ta la ní ọmọ níbẹ̀.

A ti forúkọ GCE sílẹ̀, Physics àti Chemistry. Olùkọ́ Physics wà ládùúgbò wa. Ti Chemistry ni a ò tíì rí. Aṣọ funfun méjèèjì, ó ti ká wọn sínú àpò, ó ní kí n bá òun tọ́jú wọn, òun ṣì máa wọ̀ wọ́n.

Agbẹ̀bí Ìfẹ̀yìntì, Oǹdó

Ìyá Elépo, ẹ kú iṣẹ́ ìyá. Àbúrò mi ọkùnrin kọ́ wọn ní Chemistry lọ́dún 20 kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń jẹun alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa wọkọ̀ wá sí Oǹdó ní Sátidé, ilé mi ni kó sùn, kó padà ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Mi ò gba owó. Kó mú ìwé Chemistry rẹ̀ dání, kó sì mú èsì ìdánwò tó fìdí rẹmi yẹn wá, ká lè mọ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀.